Iye Iná Tí Kọ̀ǹpútà Wa Ń Fà

Ní yunifásítì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí kọ̀ǹpútà kí n tó gboyè, láti ẹ̀yìn gíláàsì sì ni. Odindi yàrá ńlá kan ni wọ́n fi ṣe ilé fún un. Ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rin ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sì máa ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọlé. Èmi tí àwa mẹ́fà jọ ń sùn nínú yàrá tí kò ní fáànù dúró níbẹ̀, mo la ẹnu sílẹ̀. Mo gbà pé ohun tó bá gbọ́n tó báyìí, iná tó ń fà á tó èyí tó lè tan gbogbo ìlú Ìbẹ̀fún.

Ìmọ̀ mi nípa kọ̀ǹpútà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ ní àárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí ọ̀kan dé ilé-ìwé girama tí mo ti ń kọ́ni ní fisíìsì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé bí a kò bá rí iná tí yóò gbé e kí sáà náà tó parí, kí a gbé e fún ilé-ìwé kan ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀ ńlá.

Àpótí náà kò tóbi ju báàgì ìrìn-àjò lọ, ojú kan bíi ti tẹlifíṣọ̀n sì wà lórí rẹ̀. A gbé e sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, a da léèsì funfun bò ó, a sì kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí ògiri, bí a ṣe ń fi àlejò pàtàkì jókòó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Ọ̀gá pè mí. "Tíṣà, ìwọ lo ka fisíìsì. Wáàtì mélòó ni yóò tó o?"

Mo tún awò ojú mi ṣe. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, sà. Ó kéré tán."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá!" Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní mo pe iye tó kéré ni, ojú ìbá tì í. Ta ló máa ń gbé ẹyọ ẹran kan síwájú bíṣọ́ọ̀bù?

Jẹnẹrétọ̀ tiwa kò ju ẹgbẹ̀ta wáàtì lọ, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àpéjọ àárọ̀ la fi ń lò ó. Iná ọba ń lọ, ó ń bọ̀, ọ̀gá kò sì fẹ́ kó bá àlejò rẹ̀ ṣeré. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù méjì kọjá.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni màmá atẹ̀wé wa. Òun ló máa ń ṣírò máàkì gbogbo ọmọ ilé-ìwé ní ìparí sáà, tó sì ń to ipò wọn láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹyìn. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó ti ka ìwé tó bá kọ̀ǹpútà náà wá títí tí èèpo rẹ̀ fi já.

"Ẹ ò tíì fún un lóúnjẹ rí," ó máa ń sọ fún mi, "ẹ ti ń sọ pé kò lè yó."

Lọ́jọ́ tí sáà parí, ọkọ̀ dé láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ láti wá gbé e. Bàbá oníná kan láti Ìjẹ̀bú-Imùṣin ń tún fáànù ṣe ní yàrá àwọn olùkọ́ lọ́wọ́. Màmá atẹ̀wé lọ fà á wá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé," ni bàbá wí. "Kí ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ẹ̀?"

Ọ̀gá wò mí, èmi náà wo ọ̀gá.

"Ẹ ò wo ẹ̀yìn ẹ̀? Láti oṣù méjì?"

"Bàbá, ẹ rọra," ni ọ̀gá wí. "Èyí kì í ṣe áyọ́ọ̀nù o."

"Ká ní áyọ́ọ̀nù ni, ẹ̀ bá ti wò ó." Ó ṣí léèsì, ó yí àlejò wa kọ ojú sí ògiri, ó fi apá aṣọ nu eruku. "Tíṣà, wá kà á, kí wọ́n má ní mo purọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo kà á, mo tún un kà, mo ń wá òdo tó ṣẹ́kù.

"Mélòó?" ni ọ̀gá bi mí.

"Àádóje wáàtì, sà."

"Àádóje ẹgbẹ̀rún?"

"Àádóje lásán, sà." Ti ojú rẹ̀ kò ju ogójì lọ. Gílóòbù ọlọ́gọ́ta wáàtì mẹ́ta ju àwọn méjèèjì lọ.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Àádóje yẹn gan-an, ibi tí agbára ẹ̀ mọ ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò ní lò ó tán. Áyọ́ọ̀nù tí ẹ fi lọ ṣòkòtò yín láàárọ̀ fa iná ju irú ẹ̀ márùn-ún lọ."

Síbẹ̀ ọ̀gá ní kí wọ́n pa fíríìjì ilé ìdáná, kí àwọn ọmọ má sì sáré nínú ọgbà. Bàbá so gílóòbù kan mọ́ wáyà kan náà. "Tí èyí bá ṣẹ́jú, ẹ máa gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀."

Ó fa jẹnẹrétọ̀ kékeré wa. Gílóòbù tàn. Màmá atẹ̀wé tẹ bọ́tìnnì pupa. Fáànù kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú àpótí náà, gbogbo wa sì tẹjú mọ́ gílóòbù. Kò ṣẹ́jú. Lójú dúdú yẹn, ìlà kékeré aláwọ̀ ewé kan yọ, ó ń tàn, ó ń kú.

Màmá ti díìsì pẹlẹbẹ tó bá a wá, tí ètò ìṣirò wà nínú rẹ̀, bọ̀ ọ́, ó tẹ máàkì kíláàsì kìíní sí i, ọmọ kan tẹ̀lé òmíràn. Nígbà tó parí, ó tẹ bọ́tìnnì kan péré. Kí n tó mí, àròpọ̀ ti jáde, ipò sì ti tò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni èmi àti òun fi ń ṣe é, a sì máa ń ṣì í. Mo fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ àpótí náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí orí ọmọ tó ń sùn. Iná tí ènìyàn fi ń ka ìwé lórí ibùsùn ló ń fi ronú.

Ọ̀gá yíjú sí awakọ̀ tó wá gbé e. "Ẹ bá wa kí wọn ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀."

Awakọ̀ kò lọ. Ó ti sún mọ́ ẹ̀yìn màmá atẹ̀wé, ó ń na ọrùn.

"Ẹ yéé dí ìmọ́lẹ̀ mi," ni màmá wí, kò gbójú sókè. "Tíṣà, gbé ti kíláàsì kejì wá."