Bẹ́líìtì Tí A Fi Ń Kí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé búùtù mọ́tò gbà mí, tí àyè tún kù fún ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Galadimawa là ń gbé, ṣọ́ọ̀ṣì wa sì wà ní Wuse. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n tọ́ l'Abuja níbí, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Dádì mi, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ní wágọ́nù aláwọ̀ ewé kan tí búùtù ẹ̀ já sínú mọ́tò gan-an. Tó bá di àárọ̀ Sọ́ńdè, èèyàn mọ́kànlá ló ń wọnú ẹ̀. Dádì wà nídìí sítíárì, Mọ́mì jókòó níwájú, wọ́n gbé Tọ́pẹ́ àbúrò mi sórí itan. Ọmọ márùn-ún ń ti ara wọn lẹ́yìn, àwa mẹ́ta wà ní búùtù. Gbogbo ọmọ àdúgbò ni Dádì máa ń gbé. Ojú àánú wọn pọ̀.

Búùtù yẹn dùn, mi ò ní purọ́. Ẹ̀yìn la máa ń kọjú sí, a ó máa yọ ahọ́n sí àwọn tó ń wa mọ́tò bọ̀. Òórùn bẹntiróòlù, bísíkíìtì tó ti rún sínú àpò, táyà tó wà nísàlẹ̀ tó ń kun orúnkún wa dúdú. Tí a bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, Mọ́mì á rí orúnkún, wọ́n á fa etí.

Bẹ́líìtì ńkọ́? Ó wà o. Ó so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dádì bí àlejò tí ẹnì kan ò kí. Àfi tí a bá ti ń sún mọ́ ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó máa ń dúró sí. Dádì á wúkọ́. Àmì nìyẹn. Àwa ará búùtù á dojú bolẹ̀, Mọ́mì á da ìborùn bo Tọ́pẹ́, Dádì á fa bẹ́líìtì kọjá ikùn, wọ́n á fọwọ́ dì í mú nísàlẹ̀. Wọn ò ní tì í bọ ihò ẹ̀ o. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń dì í mú. Wọ́n á fi Hausa kí ẹ̀ṣọ́ ní sànnu, ẹ̀ṣọ́ á ní yauwa. Tí a bá ti kọjá, wọ́n á tú u sílẹ̀, á fò padà sáyè ẹ̀, Dádì á wá ní ọgbọ́n là ń fi ń gbé ìlú ìjọba. Àgbàlagbà tó kàwé, ó rò pé ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni bẹ́líìtì ń dáàbò bò. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ìjókòó ẹ̀yìn náà ní bẹ́líìtì kan tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má rò pé ti ọmọ ni. Ti kúlà ni. Lọ́jọ́ ìkórè kan, Mọ́mì se ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ran kún kúlà ńlá. Wọ́n lé ọmọ méjì wá bá wa ní búùtù, wọ́n gbé kúlà síbẹ̀, wọ́n so ó, wọ́n fà á wò lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dúró dáadáa. Wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo wa pé ọbẹ̀ ò gbọdọ̀ dà. Dádì gbàdúrà gígùn, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú èyí tí a jókòó lé. A gbéra.

Ráńdábáòtù Galadimawa la ò tíì kọjá tí kẹ̀kẹ́ náápẹ̀ kan já lu iwájú wa. Dádì tẹ bírékì. Àwa ará búùtù wó lé àwọn tó wà lẹ́yìn lórí. Tọ́pẹ́, ọmọ ọdún mẹ́ta, fò kúrò lórí itan Mọ́mì bí ẹni pé wọ́n jù ú, iwájú orí ẹ̀ lọ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ni ẹkún bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sára aṣọ funfun ẹ̀.

Kúlà ò mì. Ọmọ ọdún méje ni mí, mo fẹ́ tu Mọ́mì nínú, mo ní, "Mọ́mì, ọbẹ̀ ò dà." Ìgbátí tí mo jẹ, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Wọ́n rán iwájú orí Tọ́pẹ́ nílé ìwòsàn. Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, Dádì jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ jó. Ẹnì kan ò bi wọ́n pé kí ló dé tí kúlà ò fò. Lẹ́yìn ìjó, àwa mẹ́ta padà sí búùtù.

Ayé ti wá yí. Èmi náà ti ní ọmọ, Fèyí, ọmọ ọdún méjì, mo sì ti ra àga kékeré tí wọ́n máa ń so mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn fún un. Lóṣù tó kọjá, Dádì, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, jókòó níwájú mọ́tò mi, Tọ́pẹ́ jókòó lẹ́yìn, à ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí n tó yíjú, Dádì ti gbé Fèyí sórí itan.

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ó ní àga tiẹ̀.

"Ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ gbé lọ sọ́jà ni, tí o fẹ́ so ó mọ́lẹ̀? Itan yìí ló gbé gbogbo yín."

Orí mi gbóná. Mo pa mọ́tò, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo ní a ò lọ mọ́. Nílé wa, wọn kì í bá Dádì sọ̀rọ̀ báyẹn. Dádì ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ. Wọ́n ní kò burú, àwọn á wọ tákísí pẹ̀lú ọmọ-ọmọ àwọn. Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn, wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, Fèyí ń rẹ́rìn-ín lápá wọn.

Tọ́pẹ́, tí àpá rírán yẹn ṣì wà níwájú orí ẹ̀, ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa, jẹ́jẹ́.

"Dádì, itan Mọ́mì náà lágbára o."

Dádì ò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ padà sínú mọ́tò, wọ́n na ọmọ sí mi. Mo gbé e sínú àga, mo so ó, mo fà á wò lẹ́ẹ̀mejì, bí Mọ́mì ṣe fa ti kúlà.

Láyé ọjọ́un, mọ́kànlá là ń jẹ́ nínú mọ́tò, kúlà nìkan ni wọ́n so. Lónìí, mẹ́rin péré ni wá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà kí á tó so tán. Torí bí mo ṣe ṣáná sí mọ́tò, mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, Dádì ti fa bẹ́líìtì kọjá ikùn, wọ́n fọwọ́ dì í mú nísàlẹ̀ bíi tàtijọ́. Mo na ọwọ́, mo gba irin ẹ̀ lọ́wọ́ wọn, mo tì í bọ ihò. Ó dún.

"Kò sí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó níbí," Dádì wí.

"Mo mọ̀, sà."