Ọsàn Tí Adédùntán Gbìn ní Kábà

Inú mi kì í dùn tí wọ́n bá ń yin ọsàn ilé Bámigbóyè lójú mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Adédùntán, ló gbìn ín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ.

Láti Ìkòyí-Ìjùmú ni wọ́n ti fẹ́ Adédùntán wá fún Thomas Bámigbóyè ní Kábà. Thomas kò burú, àmọ́ ọkọ́ kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 1953, àwọn ará àgíríìkì kó ọmọ igi ọsàn wá, irú èyí tí wọ́n ti so ẹ̀ka ọsàn dídùn mọ́ ìdí ọsàn kíkan. Àwọn èèyàn ń du èyí tó ga. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wo ewé, ó wo ojú ìdè, ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀, bóyá ó ti jinná, ó wá mú mẹ́rin tó kúrú tí ara wọn le. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ délé.

Òun ló gbẹ́ kòtò. Òun ló po ìgbẹ́ ewúrẹ́ mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ẹbí Bámigbóyè, obìnrin lè gbin ata, ó lè gbin ilá. Igi tí yóò pẹ́ nílẹ̀, ọkùnrin ní í fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sí kòtò, torí ẹni tó gbé igi sí kòtò ló ni ín. Ló bá lọ jí Thomas lójú oorun ọ̀sán. Thomas gbé wọn sí kòtò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó nuwọ́, ó padà sórí ẹní.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Adédùntán ń pọnmi lódò, ó ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò wọ́n, ó sọgbà yí wọn ká nítorí ewúrẹ́. Ẹ̀ka tó bá yọ nísàlẹ̀ ojú ìdè, á gé e, torí ọsàn kíkan ló fẹ́ padà wá jọba yẹn. Ó máa ń sọ fún Mercy, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, pé abẹ́ igi yìí lòun máa jókòó sí lọ́jọ́ ogbó, ọsàn ibẹ̀ ni yóò sì rán Mercy lọ síléèwé.

Thomas kú kí igi tó tanná. Oyèbánjí, àbúrò rẹ̀, fẹ́ ṣú u lópó. Ó kọ̀. Kò pẹ́ tí Oyèbánjí fi pe àwọn àgbà ẹbí jọ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé.

"Okun o, ìyàwó wa," ni olórí ẹbí fi kí i. "Ọwọ́ ta ló gbé àwọn igi wọ̀nyí sí kòtò?"

Adédùntán lè purọ́ pé ọwọ́ òun ni. Kò purọ́, àní inú rẹ̀ dùn sí ìbéèrè náà. Lójú tirẹ̀, ohun tí Thomas bá ni, ti Mercy ni.

"Ọwọ́ ọkọ mi ni, ẹ̀yin bàbá."

"Ó parí. Ti Thomas ni. Thomas kò bí ọkùnrin. Ti àbúrò rẹ̀ ni."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà pé lọ́jọ́ náà, orí wọ́, wọ́n sì lọ jẹun.

Adédùntán kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ ìkórè ọdún 1957, Oyèbánjí gbé apẹ̀rẹ̀ ọsàn wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àkọ́so igi. Pásítọ̀ gbàdúrà fún ọwọ́ tó gbìn ín. Oyèbánjí na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. Gbogbo ìjọ ṣe àmín, Adédùntán náà ṣe é.

Níta, Rebecca, ìyàwó Oyèbánjí, kúnlẹ̀ fún un, ó fi ọsàn kan lé e lọ́wọ́. Ojú ń tì í.

"Ìyá Mercy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ ọ wò."

Ó bó o, ó mu ún tán lórí ìdúró. Mercy bi í bóyá ó dùn.

"Ó dùn," ló wí. "Ká ní ó kan ni, ǹ bá ti gbàgbé rẹ̀."