Nọ́ńbà Tí Reinerio Dì Mú

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ilé ìwòsàn kékeré tó wà lọ́nà Baracoa ní, Reinerio ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Wáyà tẹlifóònù ni lẹ́tà ń gbà dé Havana. Ẹni tó bá ti kékeré ń tò sórí ìlà ra búrẹ́dì ní Cuba mọ̀ pé ohun tó bá tẹni lọ́wọ́, dídì mú ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Reinerio ṣe lọ́jọ́ Ajé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tó ti ń fi fóònù pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì Havana lásán, ó gbà á wọlé wẹ́rẹ́. Ó wo nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún kọ̀ǹpútà náà láti fi dá a mọ̀, ó ní, "Ìwọ yìí, o ò ní bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́." Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ pé nọ́ńbà yẹn nìkan ni kó máa lò.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Eneida àbúrò rẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àìsàn ọkàn ló ń ṣe é. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ní Havana máa ń yan àwọn tí wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún, aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n sì máa dẹ́kun gbígba ìwé àwọn aláìsàn. Dókítà ti sọ fún Reinerio níkọ̀kọ̀ pé òun ò rò pé Eneida á lo oṣù mẹ́ta sí i láyé.

Láti aago mẹ́jọ ni Reinerio ti ń pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó lè fi ìwé Eneida ránṣẹ́. Ẹ̀rọ á súfèé, á han, á wọlé. Lẹ́tà ò ní kúrò lójú kan. Ó bú wáyà, ó bú òjò àná. Kò fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ta ló fẹ́ bi? Aago mọ́kànlá àbọ̀ kọjá kó tó gbé ìtìjú tà, tó pe Migdalia tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Havana. Fóònù obìnrin náà ò ráyè títí méjìlá fi kọjá kó tó gbé e.

"Migdalia, mo wọlé, lẹ́tà ò lọ!"

"Ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ fún mi."

Ó kà á. Migdalia bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọkùnrin yìí! Ta ló ní kó o gbé nọ́ńbà relé? A kàn ń yá yín ni. Tó o bá ti gbé fóònù sílẹ̀, a ti fún ẹlòmíì. Pa á rẹ́ jàre, kí ẹ̀rọ ẹ gba èyí tá a bá fún un."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan, bàbá."

Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Lẹ́tà lọ, èsì sì dé kó tó di aago kan: ìgbìmọ̀ ti tú ká, kí wọ́n tún fi ránṣẹ́ lóṣù mẹ́ta òní. Reinerio ka èsì náà lẹ́ẹ̀kejì. Wáyà ò ṣẹ̀, òjò ò ṣẹ̀. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é.

Eneida yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ̀dá, ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ."

"Ọlọ́run ṣeun! Mo mọ̀ pé ẹ ò ní jẹ́ kí n kú. Ẹ gbọ́, ṣé òtútù máa ń mú ní Havana lásìkò yìí?"

Reinerio ò lè wo ojú rẹ̀.

"Mú súwẹ́tà kan dání," ló sọ.