Orúkọ tí Ìyá Mi Sọ Tíṣà

Fadékẹ́ ìyá mi ò pe Adébóyè, àbúrò ọkọ rẹ̀, lórúkọ rí. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, orúkọ tirẹ̀ ni yóò fún un. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni Adébóyè yìí. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó máa ń kọ́ ìyá mi ní Gẹ̀ẹ́sì nídìí àtẹ òwú rẹ̀ l'Ọ́jà Igbó.

Ó ní "big" ni ńlá, "large" náà ni, "huge" náà ni. Ọ̀rọ̀ náà bí ìyá mi nínú.

"Akọ̀wé, kí lòyìnbó ń fi orúkọ mẹ́ta ṣe fún nǹkan kan ṣoṣo?"

"Ìyàwó wa, orúkọ mélòó lo fún èmi náà?"

Akọ̀wé, Adúmáradán, Eyínfúnjowó. Mẹ́ta ni ìyá mi fún un.

Adébóyè ti darúgbó báyìí, kì í dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, nílé rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè é ní "Dádì", àwọn ará ìjọ ń pè é ní "Alàgbà Adébóyè". Kò wo ẹnì kankan. Ariwo wọn sú mi.

Ìyá mi jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Eyínfúnjowó, ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

Eyín kan ò sí lẹ́nu Adébóyè mọ́, síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín sí i.

"Ìyàwó wa," ó ní, "o dé."