Ìwé Ìròyìn Tó Paná Ààrò Ìyá Mi

Búrẹ́dì ni ìyá mi ń ṣe ní Beyerunka, n'Ìbàdàn. Ẹ̀yìn ilé wa ni ààrò rẹ̀ wà, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, igi la sì fi ń dáná sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òórùn búrẹ́dì á ti gba àdúgbò kan, àwọn obìnrin tó ń kiri á ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Búrẹ́dì yẹn ló tọ́ wa dàgbà. Òun ló rán ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ sílé ìwé gíga, tó fi di alukoro nílé iṣẹ́ aláṣọ kan lọ́nà Mọ́lété. Bí búrẹ́dì náà ṣe kú ni mo fẹ́ sọ, torí ó ṣì ń dùn mí.

Iṣẹ́ alukoro ò le lójú tèmi nígbà náà. Bí ariwo bá ń lọ pé aṣọ wọn ń tètè gbó, ẹ̀gbọ́n mi ni yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n ṣe o, mi ò ní í parọ́ mọ́ ọn. Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Kódà tó bá ń jẹ ẹ̀bà nílé wa, á kàn jù ú sẹ́yìn èjìká ni.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá wa kiri padà láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, búrẹ́dì kún àwo rẹ̀ fọ́fọ́. Ó ní ọmọ onídìrí kan jẹ búrẹ́dì lánàá, ó sì bì títí. Ọmọ náà ti dìde, àmọ́ wọ́n ń sọ pé búrẹ́dì Beyerunka ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ò ju ìyẹn lọ. Kò tíì kúrò ní òpópónà kan ṣoṣo yẹn. Ọjà'ba tí kò jìnnà, wọn ò tíì gbọ́ ọ níbẹ̀.

Ìyá mi fọ ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́, ó wọlé lọ múra. "Mò ń lọ kí wọn," ó ní. "Mà á gbé búrẹ́dì dání, mà á sì jẹ ẹ́ lójú gbogbo wọn."

Ẹ̀gbọ́n mi wà nílé lọ́jọ́ náà. Ó dìde dúró bí ẹni pé ilé ń jó. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ti gbà pé ẹ jẹ̀bi nìyẹn. Wọ́n á ní ẹ̀rù ló ń bà yín tẹ́ ẹ fi wá bẹ̀bẹ̀."

"Kí n má lọ kí ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá?"

"Èèyàn mélòó lẹ fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ bá, Màmá? Ìwé ìròyìn á bá gbogbo Ìbàdàn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ìyá mi ò mọ á-bí-dí. Ọmọ tó jókòó tì í yìí, iná ààrò ni ìyá mi yá títí tó fi rán an dé ibi tó dé. Ta ni kò ní gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́? Ó bọ́ aṣọ ìrìn, ó jókòó. Inú èmi gan-an tiẹ̀ ń dùn ni. Ìyá wa fẹ́ wọ ìwé ìròyìn! Mo ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi kó tó jáde.

Láàárín ọ̀sẹ̀ ló jáde, nínú ìwé ìròyìn Yorùbá tí tẹrú-tọmọ ń kà. Àwòrán ìyá mi wà níbẹ̀ ràbàtà. Wọ́n fi lẹ́tà dúdú kìjikìji kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Ìyá Oníbúrẹ́dì Beyerunka kò fi májèlé sí búrẹ́dì, pé àwọn òpùrọ́ àti aṣebi kan ni wọ́n ń bà á lórúkọ jẹ́, kí wọ́n sì lọ ṣọ́ra. Ẹ gbà mí o! Ta ló dárúkọ májèlé tẹ́lẹ̀? Ọmọ bì ni wọ́n sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé májèlé wọnú ọ̀rọ̀.

Ti àwòrán yẹn tún wá burú. Nígbà yẹn, tí wọ́n bá gbé àwòrán èèyàn tí kì í ṣe olówó tàbí olóṣèlú síwèé ìròyìn, a jẹ́ pé ó ti kú, tàbí ọlọ́pàá ń wá a. Ní Bẹẹrẹ, àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn láìrà á pé lé tábìlì ẹni tó ń tà á. Ẹnì kan ń kà, àwọn yòókù ń gbọ́, àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ nǹkan kan, àwòrán ni wọ́n rí. Kò pẹ́ sí i, ojúlùmọ̀ wa kan sáré dé láti Màpó, ó ń sunkún, gèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Obìnrin náà figbe ta, ó fẹ́ẹ̀ ṣubú. A rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rín àjọrín tó kẹ́yìn nílé wa nìyẹn fún ìgbà pípẹ́.

Òkè-Àdó tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́ ohunkóhun, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá búrẹ́dì padà. "Ṣé kì í ṣe búrẹ́dì onímájèlé inú ìwé ìròyìn yẹn nìyí?" Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí à ń lọ, wọ́n gbàdúrà fún wa kíkan kíkan, wọ́n wá lọ ra búrẹ́dì ìkórè níbòmíràn. Ẹ ò rí i bí? Àwọn tó ń kiri fún wa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n mi ní a ó tún un kọ, a ó sì gbé e sórí rédíò. Ara mi gbóná. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká simi!" Ìyá mi ò bá a wí rárá. Ì bá sàn kó tiẹ̀ bú u. Ààrò kú, kò sẹ́ni tó sọ pé òun fẹ́ tún un dá.

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi yìí ló ń ṣe irú iṣẹ́ alukoro náà báyìí, orí fóònù ló ti ń ṣe tiẹ̀. Ó ní kéèyàn tó ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ òun ti dé ìlú òyìnbó. Mo bi í bóyá ó máa ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tọ́rọ̀ kàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ayé ti kọjá ibẹ̀.

Lọ́dún tí ààrò kú yẹn, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ìyá mi ní kí n dìde ká lọ sí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọsàn ló rà dání. A bá onídìrí náà níwájú ilé rẹ̀, ó ń di irun, àwọn obìnrin jókòó yí i ká. Ọmọkùnrin rẹ̀ ń sáré kiri, ara rẹ̀ le bí òkúta. Ìyá mi kí wọn, ó sọ ẹni tóun jẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá," onídìrí náà ní. Kò dáwọ́ irun dúró. "Kì í ṣe búrẹ́dì yín ló ṣe ọmọ mi. Máńgòrò tí kò pọ́n ló kó jẹ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì ṣú tó fi jẹ́wọ́ fún mi."

Mo jágbe. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún aráyé?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́. Irun tí mò ń dì yìí, láti Ọjà'ba títí dé Màpó ni wọ́n ti ń wá; ọ̀rọ̀ tí mo bá sọ síbí ń dé ilé gbogbo wọn. Mo ní tẹ́ ẹ bá ti wá kí ọmọ, mà á mú yín jókòó sáàárín wọn, gbogbo wa á jọ jẹ búrẹ́dì, ó parí nìyẹn. Láti Sátidé yẹn ni mo ti gbálẹ̀ dè yín, Màmá. Ìwé ìròyìn ni mo rí. Wọ́n kà á fún mi pé òpùrọ́ ni mí. Bàbá ọmọ yìí ní a ò gbọdọ̀ bá yín da nǹkan kan pọ̀ mọ́."

"Ẹ má bínú," ni ìyá mi sọ.

"Ó ti tán, Màmá."

A dìde. A rìn jìnnà kó tó sọ̀rọ̀, ó sì di èjìká mi mú kó tó lè sọ ọ́. "Ó gbálẹ̀ dè mí," ó ní. "Ọmọ ọlọ́mọ gbálẹ̀ dè mí, mo sì jókòó sílé." Látìgbà tí ààrò ti kú, mi ò rí omi lójú rẹ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà yẹn ló ti sunkún.