Oògùn Àjọpín

Iṣẹ́ ọwọ́ ni Aránṣọ fi tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ dàgbà, ọwọ́ náà ló sì wá dalẹ̀ rẹ̀. Ó ń gbọ̀n lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Àwọn oníbàárà ń wá kó aṣọ wọn láìrán, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Dókítà ní inú ọpọlọ ni àìsàn náà wà: apá tó ń darí ọwọ́ ló ń kú díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí ọsibítù ńlá ń wá ẹni tí yóò bá wọn dán oògùn tuntun wò, èyí tí wọ́n yọ lára ewé kan, ó tètè lọ. Wọ́n ṣàlàyé pé àwọn kan yóò gba oògùn gidi, àwọn yòókù yóò gba ìyẹ̀fun lásán tó jọ ọ́. Dókítà pàápàá kò ní mọ ẹni tó gba èwo títí ìwádìí yóò fi parí.

Ibẹ̀ ló ti pàdé Tíṣà, àgbà olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Orí ló ń mì ní tirẹ̀. Ó ní inú ìyàwó òun ń dùn ní tiẹ̀, nítorí gbogbo ohun tó bá sọ lòun ń mi orí sí.

Kò pẹ́ tí Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í lo tirẹ̀ tó fi ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó jókòó, ó ń wò ó. Ṣùgbọ́n ti Tíṣà ń burú sí i; omi kì í dé ẹnu rẹ̀ mọ́ kó má dà sí i láyà.

Aránṣọ fa ìgò oògùn tirẹ̀ yọ.

"Tíṣà, ẹ gbé tiyín wá. Ẹ jẹ́ ká dà wọ́n pọ̀, ká pín in."

"Bí tèmi bá jẹ́ ìyẹ̀fun ńkọ́?"

"Ìyẹ̀fun kúkú ni. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan ò bá ní."

Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn ọsibítù ni wọ́n ti ń pín in, bí ọmọ iléèwé tó ń pín súìtì. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í dá omi mu. Ọwọ́ Aránṣọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà lára wọn ló tú àṣírí. Àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tí ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ wọn, rí oògùn lára ẹni tí kò yẹ kó ní in. Dókítà kékeré tó ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn kò pariwo. Ó ní ìwádìí ti dàrú mọ́ àwọn lọ́wọ́, àwọn kò sì lè fi Aránṣọ àti Tíṣà sínú rẹ̀ mọ́.

"Màmá, ẹ rí i pé ó ń bá yín lára mu. Kí ló dé?"

"Ẹ ní ká jọ wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Mo rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ṣé kí n wá jókòó, kí n máa wo Tíṣà?"

 Aránṣọ bẹ dókítà pé kí wọ́n kúkú ta á fún àwọn. Dókítà ní kò tíì sí lọ́jà, òun ò sì mọ ìgbà tí yóò débẹ̀. Wọ́n gba ìgò méjèèjì lọ́wọ́ wọn.

Ìyàwó Tíṣà ló ń fi ṣíbí fún un lómi báyìí. Aránṣọ ti ta ẹ̀rọ rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ bi í bóyá ó kábàámọ̀ pé ó pín oògùn náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, láràárọ̀, bí bọ́tìnì bá ti ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó wá súnmọ́ ọmọ náà, pé kó bá òun de bọ́tìnì náà.