Ọ̀rọ̀ Tí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ Fi Sí Ọmọ Lẹ́nu

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ pàjáwìrì, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Bí ó bá ń di apá tó ṣẹ́, aláìsàn kì í tètè mọ̀ pé ó ti parí, nítorí bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ni ẹnu rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Á bi ọmọdé ní ìbéèrè, á sì tún bá a dáhùn. "Ajá lò ń sá fún, àbí? Ajá burúkú! A máa nà án." Kí ọmọ tó rẹ́rìn-ín tán, báńdéèjì á ti wé.

Awakọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sọ ní Ìgbín, torí kò sí kòtò tí kì í kí kó tó kọjá.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ á ní, "Ìgbín, láàyè lẹni tí a gbé yìí fẹ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà o."

"Láàyè náà ni mo fẹ́ kó dé, ìyá mi. Ẹni tó bá fẹ́ fò, kó lọ wá ìyẹ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan pè wọ́n pé apá ọmọ òun ti ṣẹ́. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fáànù ń yí lókè láìmú afẹ́fẹ́ wá. Ọmọbìnrin tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká jókòó sílẹ̀, ó gbé apá òsì lé itan bí ẹni tó ń bá ẹlòmíì tọ́jú ẹrù. Ìyá rẹ̀ fara ti ògiri. Ọkọ ìyá náà, tí kì í ṣe bàbá ọmọ, wà létí bẹ́ẹ̀dì, irun rẹ̀ ṣì tutù láti ilé ìwẹ̀, ó ń tẹ fóònù.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ti rí àtẹ̀gùn kan fìrí lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà nígbà tó ń wọlé. Ó kúnlẹ̀, ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. "Pẹ̀lẹ́, ìyá kékeré. Orí àtẹ̀gùn yẹn lo ti ṣubú, àbí? Àtẹ̀gùn burúkú."

Ọmọ wo ọkọ ìyá rẹ̀. Ọkùnrin náà ló gbójú sókè. "Àtẹ̀gùn ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń kìlọ̀ fún un."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni ìyá ọmọ wí, ó ń wo ilẹ̀.

Ìyá ọmọ nìkan ló bá wọn lọ. Nínú ọkọ̀, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ gé apá aṣọ ọmọ náà, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn nínú ooru. Lókè ibi tó ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti kú síbẹ̀: ojú àpá mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀kan lódìkejì, bí ìka ti í rí bó bá di nǹkan mú. Kì í ṣe ti òní. Ó ti ń parẹ́ lọ. Nígbà tó nawọ́ sókè láti fa iná súnmọ́, ọmọ náà fi ọwọ́ tó dá ṣáṣá bo orí.

Ó rí gbogbo èyí. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn tí nọ́ọ̀sì béèrè pé, "Kí ló ṣe é?", tí ìyá ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹnu rẹ̀ gba ojú ọ̀nà tó ti là lọ. "Ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn." Nọ́ọ̀sì kò bi ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu ọlọ́kọ̀ pàjáwìrì jáde, wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀.

Níta, bí wọ́n ti ń nu ibùsùn ọkọ̀, Ìgbín ní, "Àtẹ̀gùn wo lẹ sọ pé ọmọ yẹn ṣubú lórí ẹ̀?"

"Tẹnu ọ̀nà yẹn."

"Ìyá mi, ẹ̀bá ẹ̀ ni mo ti yí ọkọ̀ padà. Wọ́n ti fi irin dí i, àpò sìmẹ́ńtì ló kún un dókè. Ológbò gan-an á wá ọ̀nà míì gbà."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ gbé tówẹ́ẹ̀lì sílẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀ o," ni Ìgbín wí, kò ṣàwàdà mọ́. "Dókítà lójú. Ẹ rántí àdúgbò ẹ̀yìn pápá? Látìgbà tí a ti fẹjọ́ bàbá tó ń lu ọmọ ẹ̀ yẹn sun ọlọ́pàá, ta ló ń pè wá níbẹ̀? Orí alùpùpù ni wọ́n gbé aboyún ibẹ̀ kan sí, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ̀jẹ̀ tán. Ọkọ ẹ̀ lóun ò ní fọwọ́ ara òun pe ọlọ́pàá wọlé."

Kò parọ́. Òfin ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá fura sí, ṣùgbọ́n òfin kò sọ ẹni tí yóò gbé aboyún. Bó bá sì jẹ́ pé ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dì í lápá níbi eré ńkọ́? Wọ́n lè tìtorí ìka márùn-ún gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Òótọ́ ni pé dókítà lójú. Àmọ́ òun alára ló ti gbé àtẹ̀gùn dí ojú náà. Tó bá dákẹ́, inú yàrá yẹn lọmọ máa padà sí.

Ó wọlé padà. "Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọmọ ò sọ ọ́." Ó sì ka ohun tó rí lápá ọmọ fún un, àti ohun tí Ìgbín rí.

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. "Ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá lẹ́bi?"

"Kí wọ́n dá mi lẹ́bi."

Wọ́n pe obìnrin tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé nílé ìwòsàn náà. Ó ní kí ìyá ọmọ dúró níta, ó fa àga súnmọ́ ọmọ. "Kí ló ṣẹlẹ̀ sápá ẹ?"

Ọmọ náà wo ojú Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ ti í wo olùkọ́ tó kọ́ ọ ní àkọ́sórí. "Mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn burúkú."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Èmi ni mo sọ ìyẹn, ọmọ mi. Mi ò sí níbẹ̀. Mi ò mọ nǹkan kan."

Obìnrin náà ní kó jọ̀ọ́, kó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀.

Lọ́dẹ̀dẹ̀, ìyá ọmọ dìde. Èpè ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ń retí.

"Ṣé ó ti sọ ọ́?"

"Kò tíì sọ nǹkan kan."

Ìyá ọmọ wẹ̀yìn wò kó tó sọ̀rọ̀. "Ìgbà tí ọkọ mi lọ wẹ̀ ni mo pè yín. Mo ní tẹ́ ẹ bá dé, ẹ̀yin á rí i, kò ní jẹ́ pé èmi ni mo sọ. Ẹ sì wọlé, mà, ẹ ní àtẹ̀gùn ni."

Ìgbín fọn fèrè níta. Aláìsàn mìíràn tún ti ń pè wọ́n. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kò yíjú.

"Wá sọ ọ́ fún wọn."

"Tá a bá wá délé ńkọ́?"

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kò mọ ìdáhùn rẹ̀, kò sì bá a wá ọ̀kan. Ó dúró tì í, títí ìyá ọmọ fi na ọwọ́ ara rẹ̀ sí ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ wà.